Ayọ̀ Ẹni Tí Ó Ru Ìhìn Rere

Ẹ̀kọ́ Kíkà: II Àwọn Ọba 7:3–11, I Jòhánù 1:1–4



Ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí olúkúlùkù wa bi ara rẹ̀ nínú oṣù yìí. Kí ni ó fà á tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ onígbàgbọ́ fi ń wá sí ilé Ọlọ́run ní gbogbo ọjọ́ ìsinmi, tí wọ́n ń san owó ìjọ wọn déédéé, tí wọ́n ń kọrin, tí wọ́n sì ń jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, síbẹ̀ tí ayọ̀ kò sí nínú ìsìn wọn? Wọn kò kọ Olúwa sílẹ̀. Wọn kò sì padà sí ìwà àtijọ́. Ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ wọn dàbí omi tí ó ti pẹ́ nínú ìkòkò: omi ni ní tòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní ìtura tí omi odò tí ń ṣàn ní.

Àpọ́sítélì Jòhánù ti dáhùn ìbéèrè yìí kí a tó bi í. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé rẹ̀ kìn-ín-ní ó sọ ìdí tí òun fi mú kálámù. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti rí Olúwa, wọ́n ti gbọ́ ohùn Rẹ̀, ọwọ́ wọn sì ti kàn Án. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń ròyìn Rẹ̀ fún àwọn tí kò rí I. Lẹ́yìn èyí ni ó wá jẹ́ kí ó yé wa pé bí wọn kò bá ròyìn Rẹ̀, ayọ̀ náà yóò dín. Ẹ kíyè sí i: kì í ṣe ayọ̀ olùgbọ́ nìkan ni ó ń sọ. Ayọ̀ ẹni tí ń ròyìn pàápàá wà nínú rẹ̀. Àwọn baba wa mọ èyí nípa ti oúnjẹ, wọ́n sì wí pé àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní. Bí ó ti rí ní ìdí àwo ọbẹ̀, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí ní ìdí Ìhìnrere.

Nísinsin yìí, ẹ jẹ́ kí a bá àwọn àdẹ́tẹ̀ mẹ́rin nì lọ sí ẹnubodè Samáríà. Àwọn ogun Síríà ti dó ti ìlú náà, ìyàn sì mú títí ojú fi pọ́n gbogbo ènìyàn. Àwọn àdẹ́tẹ̀ wọ̀nyí wà lẹ́yìn odi, nítorí òfin kò gbà wọ́n láàyè láti bá àwọn ará ìlú gbé. Nígbà tí wọ́n rí i pé ikú wà níwájú, ikú sì wà lẹ́yìn, wọ́n dìde nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, wọ́n sì lọ sí ibùdó ọ̀tá. Wọn kò bá ẹnìkan níbẹ̀. Olúwa ti lé àwọn ará Síríà lọ; àgọ́, oúnjẹ, fàdákà, wúrà àti aṣọ ni ó kù. Wọ́n wọ àgọ́ kan, wọ́n jẹ, wọ́n mu, wọ́n kó ẹrù, wọ́n sì lọ fi í pamọ́. Wọ́n padà wọ èkejì, wọ́n tún ṣe bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀ ni ọkàn wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá wọn lẹ́bi. Wọ́n wí láàárín ara wọn pé ohun tí àwọn ń ṣe kò dára; ọjọ́ ìròyìn ayọ̀ ni èyí, àwọn sì pa ẹnu mọ́. Ní òru náà ni wọ́n gba ẹnubodè lọ, tí wọ́n sì ké sí àwọn aṣọ́bodè.

Ohun kan wà nínú ìtàn yìí tí a kì í sábà rò. Ìlú tí ó lé wọn sẹ́yìn odi ni ìlú tí wọ́n lọ ròyìn fún. Wọn ìbá ti wí pé, Ẹ jẹ́ kí ebi pa wọ́n, nítorí nígbà tí ebi ń pa wá, ta ni ó yọjú sí wa? Ìwé Mímọ́ kò kọ ọ́ pé wọ́n wí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ikú kì í ka gbèsè àtijọ́. Oúnjẹ tí ó rí ni ó kún ọkàn rẹ̀.

Ẹ̀yin ará, bí ìgbàgbọ́ ṣe dé ilẹ̀ wa gan-an nìyí. Àwọn tí a tà lẹ́rú ni ó padà wá fi oúnjẹ ìyè fún ilẹ̀ tí ó tà wọ́n.

Ẹ wo Àjàyí Crowther. Ní 1821, nígbà tí ó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin, ogun kó o ní Òṣoògùn, a sì tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi wọ inú ọkọ̀ àwọn ará Potogí. Àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lójú òkun ní 1822, wọ́n sì mú un lọ sí ilẹ̀ Sàró. Níbẹ̀ ni ó ti gbọ́ orúkọ Jésù. Ní 1843 ó gba oyè àlùfáà. Ní 1846 ó dé Abẹ́òkúta láti wàásù fún àwọn ènìyàn rẹ̀ ní èdè ìyá rẹ̀. Ní oṣù kan náà tí ó dé ibẹ̀ ni a mú ìyá tí ó bí i, Àfàlà, wá sọ́dọ̀ rẹ̀, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí ojú wọn ti kan ara wọn kẹ́yìn. Ní 1848 ìyá náà gba ìsàmì, a sì sọ orúkọ rẹ̀ ní Hanna. Ta ni ó lè díwọ̀n ayọ̀ ọmọ náà ní ọjọ́ yẹn? Ó ti gba òmìnira nílẹ̀ Sàró, ó ti kàwé, ó ti di àlùfáà. Ṣùgbọ́n ayọ̀ kan wà tí gbogbo ìwọ̀nyí kò lè fún un, àfi ìgbà tí ìyá rẹ̀ bá bá a kúnlẹ̀ níwájú Olúwa kan náà.

Láti Abẹ́òkúta ẹ jẹ́ kí a wá sí ilé wa. Ní nǹkan bí ọdún 1875 ni Àlùfáà David Hinderer, ará Jámánì tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn fún ọdún púpọ̀, mú iṣẹ́ Ẹgbẹ́ C.M.S. dé Òǹdó. Ní 1877 ni Charles Phillips dé láti máa ṣe olùṣọ́-àgùntàn níbẹ̀. Ta ni Charles Phillips? Baba rẹ̀, tí òun náà ń jẹ́ Charles Phillips, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn Yorùbá tí a gbà sílẹ̀ kúrò nínú ìdè ẹrú. Ó sì padà wá ṣe olùkọ́ni fún ìjọ ní Ìjàyè. Ìjàyè yìí ni ogun Ìbàdàn fọ́ ní 1862, tí àwọn ará ibẹ̀ sì fọ́n káàkiri. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run rán sí Òǹdó: ọmọ ẹni tí a tà, tí ó sì mọ ohun tí ogun ń ṣe fún ìlú.

Kí ni ó ṣe? Ó wàásù Jésù ní ìlú tí a ṣì ti ń fi ènìyàn rúbọ nígbà tí ẹni ńlá bá kú, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ ìlú ilẹ̀ wa nígbà náà. Ó sì lòdì sí i láìbẹ̀rù, tìfẹ́tìfẹ́. Nígbà tí Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ ń bá ara wọn jà ní Kírìjì, tí ogun náà kò sì fẹ́ parí, Phillips àti Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tí ó kọ ìwé ìtàn àwọn Yorùbá, ni a rán lọ sí ibùdó méjèèjì, títí a fi tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1886. Ẹ ro ó wò, ẹ̀yin olùfẹ́. Ìlú tí ó pa ibi iṣẹ́ baba rẹ̀ run wà lára àwọn tí ó lọ wá àlàáfíà fún. Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹfà ọdún 1893, òun àti Isaac Olúwọlé gba oyè Bíṣọ́ọ̀bù ní ìlú Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Ní ọdún yẹn kan náà ni àwọn ọmọ ogun Kírìjì tú ká.

Nígbà tí ibùdó ogun tú, ọ̀nà ṣí fún àwọn ẹrú láti padà sí ilé. Lára àwọn tí ó padà sí Èkìtì àti àwọn ìlú tí ó yí i ká ni àwọn tí ó ti gbọ́ Ìhìnrere ní ibi tí a kó wọn lọ, ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta àti ní Èkó. Púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe àlùfáà. Ẹlòmíràn kò mọ̀ ju àdúrà Olúwa àti Òfin Mẹ́wàá lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n kó àwọn ará ilé wọn jọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìsinmi, wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n mọ̀. Nígbà tí àwọn olùkọ́ni sì dé láti Òǹdó àti láti ibòmíràn, wọ́n bá àwọn tí ń dúró dè wọ́n. Láti inú irú ìbẹ̀rẹ̀ kékeré báyìí ni Ọlọ́run ti mú kí iṣẹ́ náà gbilẹ̀, títí a fi dá dáyósíìsì Òǹdó òun Benin sílẹ̀ ní 1952, tí Àkúrẹ́ sì di dáyósíìsì fúnra rẹ̀ ní 1983. Nígbà tí a bá wọ ilé Ọlọ́run St. Stephen ní Òǹdó tàbí St. David ní Ìjọmu, Àkúrẹ́, ẹ jẹ́ kí a rántí pé àdẹ́tẹ̀ ẹnubodè ni ó mú ìròyìn wá fún wa.

Ǹjẹ́, àwa ńkọ́? A ti wọ àgọ́, a ti jẹ, a sì ti mu. Ẹ̀rù ń bà mí pé ọ̀pọ̀ nínú wa wà ní ibi tí àwọn àdẹ́tẹ̀ wà kí ọkàn wọn tó sọ: a ń kó ẹrù láti àgọ́ kan sí èkejì, a sì ń fi í pamọ́. A ń ṣe ìkórè, a ń ra aṣọ ẹgbẹ́, a ń ṣe àjọ̀dún ọdún tí a dá ìjọ sílẹ̀. Gbogbo rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n ọmọ ọ̀dọ̀ tí ń gbọ́ oúnjẹ ní ilé wa kò tíì gbọ́ láti ẹnu wa pé Jésù fẹ́ràn òun. Ọmọ iṣẹ́ tí ń kọ́ṣẹ́ ní ìsọ̀ wa mọ̀ pé Kristẹni ni ọ̀gá òun nítorí pé ìsọ̀ kì í ṣí ní ọjọ́ ìsinmi, kò sì mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí a jọ ń tajà ní Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ láti ọdún mẹ́wàá, a mọ iye ọmọ rẹ̀ àti gbèsè rẹ̀. A kò mọ̀ bí ọkàn rẹ̀ ti rí. Àwọn àgbà wí pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí a kò wí fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn ní òru. Àìnísinmi tí ó wà nínú ìsìn púpọ̀ nínú wa, bóyá hẹ̀rẹ̀-huru nì ni.

Ẹnìkan yóò wí pé, Iṣẹ́ àlùfáà ni ìyẹn. Ta ni ó mú Pétérù wá sọ́dọ̀ Jésù? Áńdérù arákùnrin rẹ̀ ni, ní kété tí òun fúnra rẹ̀ mọ Olúwa, kí ó tó gbọ́ ìwàásù kan tán. Ta ni ó pe àwọn ará Síkárì? Obìnrin kan tí orúkọ rẹ̀ kò dára ní ìlú ni, tí ó gbàgbé ìkòkò omi rẹ̀ sí ẹ̀bá kànga nítorí ayọ̀. Kò dúró kí ó tó mọ ohun gbogbo. Ohun tí ó mọ̀ ni ó sọ.

Ẹlòmíràn yóò wí pé, Mo ti sọ ọ́ rí, kò sì sí ẹni tí ó gbọ́. Ọ̀rọ̀ yìí wúwo, kò sì yẹ kí a fi ojú tín-ín-rín wò ó. Ìyá kan lè máa gbàdúrà fún ọmọ rẹ̀ fún ogún ọdún, kí ọmọ náà má sì tíì yí padà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi àwọn àgbẹ̀ wa ní Òǹdó àti ní Àkúrẹ́ léèrè nípa kòkó. Kòkó kì í so ní ọdún tí a gbìn ín. Ọdún mẹ́ta ń lọ, mẹ́rin ń lọ, nígbà mìíràn ó ń di márùn-ún, kí àgbẹ̀ tó fi ojú kan èso. Ní gbogbo ìgbà yẹn, ó ti gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti ṣíji bò ó, ó sì ń ro ó. Bí ó bá ń hú ọ̀gbìn náà wò ní òròòwúrọ̀ láti mọ̀ bóyá ó ti ta gbòǹgbò, òun fúnra rẹ̀ ni yóò pa á. Gbígbìn ni tiwa, ṣíṣíji bò ó pẹ̀lú àdúrà àti ìwà rere sì ni tiwa. Mímú dàgbà ni ti Ọlọ́run. Ní Òǹdó náà, àwọn tí ó gbàgbọ́ ní ọdún àkọ́kọ́ kò pọ̀. Bí Phillips bá ti ka orí, tí ó sì bínú lọ, níbo ni a bá wà lónìí?

Olúwa wa tìkára Rẹ̀ kọ́ wa bẹ́ẹ̀ nínú Lúùkù orí kẹwàá. Àwọn àádọ́rin tí Ó rán jáde padà pẹ̀lú ayọ̀ ńlá, wọ́n ń ka iṣẹ́ agbára tí ọwọ́ wọn ṣe. Kò bá wọn wí nítorí pé wọ́n yọ̀. Ṣùgbọ́n Ó yí ojú wọn sí ibòmíràn: Ó ní kí wọ́n kúkú máa yọ̀ nítorí pé a ti kọ orúkọ wọn sí ọ̀run. Nítorí kí ni? Nítorí pé ayọ̀ tí ó dúró lórí iye ènìyàn yóò gòkè lónìí, yóò sì sọ̀ kalẹ̀ ní ọ̀la. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá sọ ti Jésù fún ẹlòmíràn, etí tiwa náà gbọ́ ọ. A tún ránti ibi tí Ó ti gbé wa jáde. Ìdáríjì tí a ti gbà láti ọjọ́ pípẹ́ tún di titun lójú wa. Ayọ̀ yìí kò lè bọ́ lọ́wọ́ wa, ìbáà ṣe pé olùgbọ́ gbà, ìbáà sì ṣe pé kò gbà.

Báwo ni a ó ti ṣe é? Lẹ́ẹ̀kínní, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ilé. Kí baba àti ìyá kí ó máa pe gbogbo ilé sí àdúrà òwúrọ̀, kí ọmọ ọ̀dọ̀ má ṣe wà ní ìdí ààrò nígbà náà, kí wọ́n sì sọ fún àwọn ọmọ bí Olúwa ti gbé àwọn já nínú wàhálà ayé. Ọmọ tí kò gbọ́ ẹ̀rí baba rẹ̀ rí, bí ó bá kúrò nínú ìjọ ní ọjọ́ iwájú, ta ni kí a bi?

Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ máa lọ bẹ ènìyàn wò. Fífi ẹsẹ̀ Bíbélì ránṣẹ́ lórí ẹ̀rọ alágbèéká dára, ṣùgbọ́n kò tó. Ẹ lọ sí ọ̀dọ̀ aláìsàn, opó, àlejò tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé àdúgbò, àti àwọn òṣìṣẹ́ tí ń gbé inú abà kòkó tí kò sí ilé ìsìn nítòsí wọn. Ẹ ràn wọ́n lọ́wọ́ lákọ̀ọ́kọ́. Ẹni tí a ti bá ru ẹrù kì í ṣòro láti bá sọ̀rọ̀.

Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ sọ ọ́ pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀. Ẹ má ṣe bú ìsìn ẹnikẹ́ni. Nínú ilé kan náà ní Àkúrẹ́ àti ní Òǹdó ni a ti ń rí Kristẹni, Mùsùlùmí àti ẹni tí ń bọ òrìṣà baba rẹ̀, ọmọ ìyá kan sì ni wọ́n. Àwọn àdẹ́tẹ̀ kò bá aṣọ́bodè jà. Wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí, wọ́n sì jẹ́ kí ìlú lọ wo o fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣẹ́gun nínú àríyànjiyàn lè pàdánù arákùnrin rẹ̀.

Lẹ́ẹ̀kẹrin, ọ̀rọ̀ mi kan ẹ̀yin olùkọ́. Ọlọ́run fi iṣẹ́ ńlá lé yín lọ́wọ́. Canon M. C. Adéyẹmí, ẹni tí ó dá Ondo Boys’ High School sílẹ̀ ní 1919, jẹ́ olùkọ́ àti àlùfáà. Ilé ẹ̀kọ́ gíga àwọn olùkọ́ ní Òǹdó sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní. Ẹ lè wà ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba níbi tí kò sí àyè ìwàásù. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí òdodo yín ní ìgbà ìdánwò, sùúrù yín pẹ̀lú ọmọ tí kò tètè mọ̀wé, àti ọ̀rọ̀ tútù yín sí ọmọ tálákà kí ó máa wàásù. Bí ọmọ kan bá sì bi yín ní ìdí ìwà yín, ẹ má ṣe tijú láti dárúkọ Ẹni náà.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, kí oṣù yìí tó parí, kí olúkúlùkù wa mú orúkọ ẹnìkan sí ọkàn. Ẹnìkan péré. Kí a máa dárúkọ rẹ̀ nínú àdúrà ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́, kí a lọ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí a sì sọ ohun tí Olúwa ṣe fún wa, láìfi kún un, láìyọ kúrò nínú rẹ̀. Àwọn àdẹ́tẹ̀ náà bẹ̀rù pé bí àwọn bá dúró di ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀, ìyà yóò jẹ àwọn. Ẹni tí a ń fòní-dónìí-fọ̀la-dọ́la bá sọ̀rọ̀ lè má sí mọ́ ní ọ̀la.

Olúwa Ọlọ́run, Ìwọ tí Ó mú àwọn baba wa jáde láti oko ẹrú, tí Ó sì fi ìhìn rere sí wọn lẹ́nu fún wa, gbà wá lọ́wọ́ ìtìjú àti ìmọ́tara-ẹni-nìkan. Ṣí wa ní ètè, sọ ọwọ́ wa di ọwọ́ ìrànwọ́, kí àwọn ará ilé wa àti àwọn aládùúgbò wa lè bá wa jẹ nínú oúnjẹ ìyè, kí ayọ̀ wa má sì dín. Nípasẹ̀ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.